Ìyá Mi Nínú Fọ́ọ̀mù Owó Orí

Èmi kì í purọ́ fún ìjọba. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún tí ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò lára Ọ̀yọ́, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó, kò sí olùkọ́ kan nínú yàrá wa tí kì í purọ́ nínú fọ́ọ̀mù owó orí. Ọ̀kan bí ọmọ kan ṣoṣo, mẹ́rin ló ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Òmíràn ṣì ń bọ́ bàbá rẹ̀ àgbà nínú ìwé, bàbá tó ti kú láti ayé kòkó. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹni tó bá ń ṣòótọ́ fún ìjọba, ebi ni yóò pa á. Èmi á yínmú sí wọn, màá gbé ìwé mi, màá jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò gba owó oṣù rí. Kí owó oṣù wa tó kàn wá lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń yọ owó orí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ní àánú díẹ̀. Bí o bá ní ọmọ, apá kan wà nínú owó rẹ tí wọn kò ní bu owó orí lé nítorí ọmọ náà. Bí o bá ń san owó insọ́ráǹsì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí o bá ń bọ́ ẹbí kan tó ti darúgbó, tàbí ìyá rẹ tó jẹ́ opó, bẹ́ẹ̀ náà ni. Aláwánsì là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, oṣù kìíní ọdún la sì máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ìgbà yẹn làwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sáré wá ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ káàkiri inú àpótí. Èmi á ti múra sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Mo ta okùn kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, mo fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ há rìsíìtì mọ́ ọn, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Rìsíìtì insọ́ráǹsì, rìsíìtì owó ilé ìwé, káàdì ọsibítù, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan okùn náà, ẹgba ló máa jẹ. Ọmọ mẹ́rin péré ni fọ́ọ̀mù sì gbà. Nígbà tí ìyàwó mi bí ìkarùn-ún, mo dúró lẹ́bàá ibùsùn ní ọsibítù, mo wo ọmọ náà, mo ní, "Ìwọ pẹ́ dé, fọ́ọ̀mù ti kún." Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi yí ojú sí ògiri. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo sunkún dáadáa, ẹ má rò pé n kò sunkún. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé, ó ti wá sí mi lọ́kàn pé ìyá mi ti di opó, àyè kan sì wà nínú fọ́ọ̀mù mi tó ti ṣófo láti ìgbà tí mo ti ń kọ ọ́.

Ìyá mi ń gbé ní ilé bàbá mi, ní àdúgbò àtijọ́, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ ìrun láti inú mọ́ṣáláṣí. Ojúde ilé ló ń pàtẹ sí, lábẹ́ páànù: tẹ̀sùbáà, búta àlùwàlá, ẹní ìkírun, fìlà, wàláà àti tàdáwà fún àwọn ọmọ ilé kéwú. Kò kàwé rí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan ládùúgbò tí kò mọ ibi tó kà dé nínú Kùránì, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn òbí ti máa ń ra fìlà wòlímọ̀. Àwọn ìyá àgbà bíi tirẹ̀ á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ láti àlàásárì títí di mọ̀gàríbì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà nípa àwọn ọkọ wọn tó ti kú. Èrè orí àtẹ yẹn ló fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé ẹbí tí èèyàn bá ń bọ́ kò gbọdọ̀ ní owó tirẹ̀ tó ń wọlé ju ìwọ̀n kan lọ. Nínú gbogbo olùkọ́ Ìwó, bóyá èmi nìkan ló ka ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù. Ẹlòmíràn ì bá kọ orúkọ ìyá rẹ̀ kó sì gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ì bá fi àyè náà sílẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi rí ọ̀nà kẹta. Bí òwò ìyá mi kò bá jẹ́ kí n sọ òótọ́, kí òwò náà kúrò nílẹ̀.

Mo lọ bá a lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó sórí ẹní.

"Ìyá, ó tó gẹ́ẹ́ kí ẹ sinmi."

"Kí n sinmi kí ni? Ṣé mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí ni?"

Mo ṣàlàyé fọ́ọ̀mù fún un látòkè délẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ìdá méjì àti ìdá mẹ́rin fún ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé. Ó fetí sílẹ̀.

"Ṣé ìjọba ló ní kí n má tajà mọ́?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí mo bá ń bọ́ kò gbọdọ̀ ní owó tirẹ̀ ni."

"Ṣùgbọ́n o ò bọ́ mi."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ló sọ. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, òun ló fún ìyàwó mi lówó ẹja.

"Màá bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí," mo dáhùn. "Oṣooṣù ni màá máa fún yín. Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu, Ìyá."

"Òkété tó dàgbà tán ni wọ́n wí. Èmi ṣì ń sáré." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sí àtẹ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tún fìlà kan tò. "Ṣé ó máa ràn ọ́ lọ́wọ́?"

"Ó máa ràn mí lọ́wọ́ gan-an ni."

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀wé."

Inú mi dùn bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, kí ó má baà yí ọkàn padà. Obìnrin kan tó ń ta súgà àti mílíìkì ní ọ̀ọ́kán ló ra gbogbo ọjà náà lọ́wọ́ mi ní owó pọ́ọ́kú. Ìyá mi bá wa di búta, ó ń kìlọ̀ fún obìnrin náà pé kí ó má jẹ́ kí òjò kan wàláà. Ó ní kí n fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún òun. Mo ní rárá, ẹni tó bá rí bẹ́ǹṣì lójúde á rò pé ó ṣì ń tajà. Mo gbé e lé orí, mo gbé e sọdá fún obìnrin ọ̀ọ́kán láìgba kọ́bọ̀. Bí mo ṣe láàánú tó nìyẹn.

Láti oṣù yẹn, mo ń mú owó lọ fún un lóṣooṣù. N kò jẹ oṣù kan rí, kódà nígbà tí ìjọba jẹ wá ní owó oṣù méjì. Mo ra ìwé kékeré kan, mo fa ìlà sí i, mo sì ń mú kí ó tẹ̀ka síwájú iye owó náà kí ẹ̀rí lè wà. Tàdáwà tó ṣẹ́kù nídìí ìgò kan la ń lò. Ó máa ń na àtàǹpàkò rẹ̀ jáde kí n tó bèèrè, á sì gbójú sí ibòmíràn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lọ sí ọ̀ọ́kán. N kò lè dá wọn lẹ́bi, ibẹ̀ ni bẹ́ǹṣì wà. Wọ́n á máa ké sí i láti ibẹ̀ pé kó wá jókòó ti àwọn, òun á ní òun ń bọ̀, kò sì ní lọ. Kí ló fẹ́ lọ ṣe nídìí àtẹ ara rẹ̀ tó ti di ti ẹlòmíràn? Tẹ́lẹ̀, kò sí ìsọmọlórúkọ ládùúgbò tí kì í mú fìlà kékeré kan tàbí owó lọ. Nísinsìnyí ó ní láti ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́ẹ̀kan tó ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo bi ẹni tó rán pé kí ni ọmọ tuntun náà jẹ́ sí wa. Ẹni náà padà lọ sọ fún un. Kò ránṣẹ́ mọ́, kò sì lọ síbi ìsọmọlórúkọ mọ́.

Ní oṣù ààwẹ̀ ọdún kejì, mo yà wò ó láìròtẹ́lẹ̀. Mo bá obìnrin kan tó ń jáde láti yàrá rẹ̀, ó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tú yàrá ìyá mi. Nínú garawa àgbàdo ni mo ti rí i: tẹ̀sùbáà mẹ́tàlá, ó fi aṣọ wé wọn. Owó tí mo ń fún un lóṣù ló ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ tó fi rà wọ́n, ó sì ń tà wọ́n ní bòókẹ́lẹ́ fún àwọn obìnrin tó bá wá kí i.

Mo pariwo. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni? Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ ní ọ́fíìsì owó orí?" Àwọn ará ilé gbọ́, wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi ọmọ rẹ̀, ó ní, "Má bínú. Ọwọ́ mi ló ń yún mi. Iṣẹ́ ni mo mọ̀."

Ó yẹ kí n gbé e dìde. Ó yẹ kí n wólẹ̀ kí n fi orí gbálẹ̀. Mo kó tẹ̀sùbáà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sínú àpò agbádá mi, mo bá ọ̀nà mi lọ, wọ́n sì ń ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú àpò náà títí mo fi délé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sì sí ohun tí ojútì ọjọ́ òní lè tún ṣe.

Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e, mo mú fọ́ọ̀mù mi lọ sí ọ́fíìsì owó orí fúnra mi. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, ọmọ Ilé-Ogbó, ọkùnrin kan tí obì kì í tán lẹ́nu rẹ̀, máa ń yìn mí pé ìwé mi nìkan ló ń mọ́ ní gbogbo Ìwó. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó dé ibi tí mo kọ ìyá mi sí pẹ̀lú orúkọ agboolé wa, ó gbójú sókè.

"Tíṣà, ṣé kì í ṣe ìyá tó ń ta tẹ̀sùbáà nítòsí mọ́ṣáláṣí nìyí? Búta ilé mi, ọwọ́ wọn ni mo ti rà á."

"Wọn ò tà á mọ́."

"Háà. Ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ara wọn yá. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ló ní wọn ò gbọdọ̀ ní owó tiwọn. Mo ní kí wọ́n jáwọ́."

Ó jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti inú ikùn, ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀ kí ó wá gbọ́.

"Èrè tẹ̀sùbáà! Tíṣà, ta ló fẹ́ lọ jókòó ti ìyá arúgbó kó máa ka èrè tẹ̀sùbáà? Kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn. Àwọn tó ní ilé tí wọ́n fi háyà, àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ni a ń wí. Ẹ ò ṣe wá bi mí? Ó kù díẹ̀ kí ẹ ní kí ìyá má mí mọ́!" Ó nu ojú rẹ̀. "Òótọ́ ni wọ́n wí, ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà."

Ó tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé mi, ó sì kí mi kú iṣẹ́.

Èmi ni tíṣà ìṣirò. Mo mọ iye tí aláwánsì ìyá mi ń dín kù nínú owó orí mi. Ní odidi ọdún kan, kò tó owó búta mẹ́ta. Owó tí mo ń fún un lóṣù kan ṣoṣo ju èyí tí mo ń rí gbà lọ́dún lọ. Mo ti mọ èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí náà ẹ má ṣe sọ pé ojúkòkòrò ló bá mi jà. Ojúkòkòrò ì bá dára jù. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí gbogbo àyè inú fọ́ọ̀mù mi kún, kí ó sì jẹ́ òótọ́, kí n lè máa yínmú sí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra ọjà lọ́wọ́ obìnrin ọ̀ọ́kán ní iye tó ń tà á fún gbogbo ayé. Mo kan tábìlì tuntun, mo pàtẹ rẹ̀ sójúde, mo mú ìyá mi jáde, mo fi í jókòó sídìí rẹ̀. Obìnrin kan wá, ó gbé búta kan sókè, ó béèrè èló. Ìyá mi wo búta náà títí. Ó yíjú sí mi.

"Èló ni kí n pè é?"

Ọjà ti gbówó lórí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, iye tó mọ̀ kò sí mọ́. Mo pe iye kan fún un. Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. Obìnrin náà ná an, ìyá mi kò bá a ná an, ó kàn gbé búta fún un. Ìyá mi tó jẹ́ pé bí ó bá ń nájà pẹ̀lú èèyàn, àwọn tó ń kọjá á dúró wòran!

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo bá aṣọ lórí àtẹ náà. Inú yàrá ni ìyá mi wà, lórí ẹní.

"Kó wọn lọ," ó ní. "Ẹni tí mo ti máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ n'Íbàdàn ti kú. Àwọn oníbàárà mi ti mọ ojúlé mìíràn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ń rìn lo ní kí n jókòó. Mo ti jókòó báyìí."

Ó sì jókòó lóòótọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó di pé wọ́n ń fà á dìde. Ó ń gbàgbé bóyá òun ti kírun tàbí òun kò tíì kí. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, "opó" nìkan ni mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Nígbà tí oṣù kìíní tún dé, mo fi kún un pé kò lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Mi ò purọ́.

Ó kú kí ọdún náà tó parí. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ súnmọ́ mi láti kí mi. Ó ní, "A máa ń pè é pé kó wá bá wa jókòó. Á ní òun ò ráyè, òun ń bá ọmọ òun sinmi. Á ní ọmọ òun ló nílò ìsinmi òun. Àwa ò mọ ohun tó ń wí." Ó dúró, ó ń retí pé kí n ṣàlàyé. Mo ní Ọlọ́run yóò fọ̀run kẹ́ ẹ.

Ẹ óò rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí wọ́n fi pín fọ́ọ̀mù tuntun fún wa. Mo jókòó sí yàrá ìjókòó lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo kọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kọ insọ́ráǹsì, mo dé àyè tó kù. Ó wà níbẹ̀ lófìfo. Mo wò ó títí, ó sì ń dùn mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé òfin gba ẹbí ìyàwó pẹ̀lú. Ọmọ Kúta ni ìyàwó mi. Ìyá rẹ̀ wà ní Kúta níbẹ̀, opó ni, ó ń ta ata gbígbẹ.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo pè é. Mo ní, "Ìyá yín tó wà ní Kúta, ṣé ata yẹn ń mú owó gidi wọlé fún wọn?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó wo ojú mi, ó wo bírò tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ìwé tó wà lórí tábìlì. Ogún ọdún ni a ti fẹ́ra, kò gbóhùn sókè sí mi rí, kò sì gbé e sókè lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ti pa tiyín," ó ní. "Ẹ ò ní pa tèmi."

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà Kúta tó tẹ̀lé e, ó kó owó tó dá ní èsúsú, ó gun ọ̀kadà, ó lọ fi kún owó òwò ìyá rẹ̀. Kò sọ iye rẹ̀ fún mi, n kò sì bèèrè.